Oríkì Tí Kò Lópin

Ojú ìjọba, ẹ̀rọ kékeré tó ń fò, gba ojú fèrèsé wọlé, kò sì sẹ́ni tó kí i. Ó rábàbà lókè tábìlì bí oyin tó ń wá òdòdó, ó ń kùn, ìmọ́lẹ̀ ara rẹ̀ sì funfun. Funfun kò léwu. Bó bá di búlúù ni kálukú ń ṣọ́ ẹnu rẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ tí èèyàn bá sọ níwájú ojú búlúù, ìbúra ni. Bí ẹyin ló rí. Bó bá já bọ́, kò ṣeé kó.

Ọ̀gbẹ́ni Láníyọnu, tí Àjọ Alábòójútó Ohùn rán níṣẹ́, ló tẹ̀lé e wọlé. Ó ṣí fìlà, ó kí Fọ́yẹkẹ́, tó ni ilé iṣẹ́ náà, kú ìjókòó, ó bi í bóyá ó sùn dáadáa. Fọ́yẹkẹ́ ní a dúpẹ́ lọ́wọ́ Ẹni tó jí wa. Ohun tó máa ń sọ nìyẹn bí kò bá fojú kan oorun.

Láníyọnu fa aṣọ fèrèsé sápá kan. Láti ẹnu géètì Ilé Akini títí dé ìsàlẹ̀ òkè, ẹní ló lọ gbọọrọ. Àwọn obìnrin kúnlẹ̀, àwọn ọkùnrin dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Wọn kò kọrin, wọn kò ju òkò, ẹnikẹ́ni kò sì sun táyà bí àwọn ará àtijọ́ ti máa ń ṣe.

"Àná, ìdí afárá ni wọ́n dé," ni Láníyọnu wí. "Lónìí, wọ́n ti kọjá afárá. Ẹ̀yin náà mọ ohun tí Òfin Orúnkún sọ, mà. Bí wọ́n bá ń dín kù, ìjọba á wo ibòmíràn. Bí wọ́n bá ń pọ̀ sí i, ìjọba gbọ́dọ̀ dájọ́ kí oòrùn tó wọ̀ lé wọn lórí. Bí mi ò bá mú nǹkan jáde nínú ilé yìí lónìí, ẹlòmíràn ni yóò jókòó sórí àga mi lọ́la."

"Àga yín ló gbé yín wá nígbà náà," ni Fọ́yẹkẹ́ dáhùn. "Mo rò pé òkú Bàbá Olátúbọ̀sún ni."

"Àga àti òkú ni, mà. Ìjọba kì í fi ẹsẹ̀ kan rìn."

Fọ́yẹkẹ́ fẹ́ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín kò jáde. Lára ògiri tó wà lẹ́yìn rẹ̀, àwo idẹ kan tí Àjọ yìí kan náà fi ta ilé iṣẹ́ rẹ̀ lọ́rẹ nígbà tí orin ṣì dùn ń dán. Lọ́jọ́ ọjọ́un, àwọn ìjòyè ìjọba ń ti ara wọn kí wọ́n lè bá a ya fọ́tò. Ẹni tí wọ́n gbé gẹṣin lánàá ni wọ́n ń bi lónìí pé ta ló ni koríko tí ẹṣin ń jẹ.

Ẹni tí kò mọ ìdí abájọ lè béèrè pé kí ló gbé ọmọlúwàbí dé ìdí ohùn òkú títà. Ṣùgbọ́n àwọn tí òkun lé jáde ní Èkó mọ̀. Nígbà tí omi gba gbogbo ilẹ̀ ìsàlẹ̀, tí tọmọdé tàgbà ń sá gun òkè, èèyàn gbé ìkòkò, ó gbé ọmọ, ó gbé Bíbélì, ó gbé Kùránì. Ta ló lè gbé ibojì? Bàbá tí wọ́n sin síyàrá, ìyá tí wọ́n sin sẹ́yìnkùlé, omi ló bò wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn èèyàn dé Òkè Ìtura láìní ibi tí wọ́n lè dúró sí pe àwọn tó bí wọn. Ẹni tí kò ní ojú oórì bàbá rẹ̀, bí ẹyẹ tí kò ní ẹ̀ka ló rí. Ó kàn ń fò ni.

Ibẹ̀ ni akini ti wúlò. Ó rí roboto bí igbá àdému, ara ògiri pálọ̀ ni wọ́n ń gbé e kọ́ sí. Bí ìdílé bá ní ohùn òkú wọn lọ́wọ́, bó ti wù kó kéré mọ, ìbáà ṣe ẹ̀rín lórí fóònù, àwọn òṣìṣẹ́ Fọ́yẹkẹ́ á fi í kọ́ ẹ̀rọ náà, wọ́n á kọ́ ọ ní oríkì ìdílé. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ìyá tó ti kú á pe ọmọ rẹ̀, á kì í, orí ọmọ á wú, á sì jáde lọ síbi iṣẹ́ bí ẹni tó ní ẹni lẹ́yìn. Àwọn ọkùnrin tí kò bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ láti ìgbà tí òkun ti dé bẹ̀rẹ̀ sí í kí aládùúgbò. Kò sí irọ́ nínú ìyẹn. Kódà Fadérera tó ń ṣáájú àwọn akúnlẹ̀ kò jẹ́ sẹ́ ẹ.

Bàbá Fadérera ni Olátúbọ̀sún. Gbogbo ọmọ tí wọ́n kọ́ nílé ló mọ̀ pé ẹni tó kúnlẹ̀ tàbí tó dọ̀bálẹ̀ tí àgbà ń kì, kì í dá ara rẹ̀ gbé nílẹ̀. Ibẹ̀ ni yóò wà títí àgbà yóò fi fọwọ́ bà á léjìká pé kó dìde. Ìyá gidi kì í sì í pẹ́ kó tó sọ ọ́: ọ̀fun rẹ̀ á gbẹ, ikọ́ á gbé e, ọbẹ̀ á fẹ́ jóná lórí iná. Akini kò ní ọ̀fun, kò gbé ọbẹ̀ kaná. Láàárọ̀ ọyẹ́ kan, Bàbá Olátúbọ̀sún dọ̀bálẹ̀ fún ohùn ìyá rẹ̀ lórí ilẹ̀ tútù, pẹ̀lú ọdún tó wà lára rẹ̀. Fadérera ti lọ sóko. Nígbà tó máa fi dé nírọ̀lẹ́, bàbá rẹ̀ ṣì wà ní ìdọ̀bálẹ̀, ara rẹ̀ ti le, ohùn tó wà lára ògiri sì ń kì í lọ, ó ń kì í lọ, ó ní kí ọmọ òun má fòyà.

Kì í ṣe pé ẹ̀rọ bàjẹ́. Gbogbo akini tó wà nílùú, ẹsẹ̀ ohùn kan ni wọ́n ń tọ̀. Ọ̀dọ̀ Ìyá Àríkẹ́, tó bí Fọ́yẹkẹ́, ni wọ́n ti kọ́ bí oríkì ṣe ń bẹ̀rẹ̀, bó ṣe ń yí, bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ tó tún ń gòkè. Ìyá Àríkẹ́ sì kú sẹ́nu oríkì ni. Orí àkéte ló wà nílé tí wọ́n fi sílẹ̀ gbẹ̀yìn ní Èkó, omi ti dé ọ̀dẹ̀dẹ̀. Ọmọ rẹ̀ kúnlẹ̀, ó gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ sáyà. Ìyá ń kì í, ó dé àárín ọ̀rọ̀ kan, kò sì sọ èyí tó kù. Akini kankan kò kọ́ bí wọ́n ṣe ń parí, nítorí olùkọ́ wọn kò parí. Fọ́yẹkẹ́ kò fi pamọ́. Ó tilẹ̀ kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó ìpolówó pé ọ̀dọ̀ òun ni oríkì tí kò lópin wà, àwọn oníbàárà sì ń rọ́ wá nítorí ìyẹn gan-an. Ta ni kò fẹ́ kí ìyá òun máa bá òun sọ̀rọ̀ lọ?

Nígbà tí Fadérera kọ́kọ́ wá, òun nìkan ló wá, pẹ̀lú ẹní bàbá rẹ̀ lábíyá. Àwọn ẹ̀ṣọ́ géètì fi í ṣe ẹ̀fẹ̀, wọ́n bi í bóyá oorun ló ń kùn ún. Kò dá wọn lóhùn, ó kúnlẹ̀. Ní ọjọ́ kejì, àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ wá. Nígbà tó yá, ìyàwó pásítọ̀ tẹ́ ẹní tirẹ̀, ìyàwó lèmọ́mù tẹ́ tirẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé iṣẹ́ tó ń ta páànù tó ń sọ oòrùn di iná mànàmáná fún Fọ́yẹkẹ́ ránṣẹ́ pé kó má bínú, àwọn kò fẹ́ kí wọ́n wá kúnlẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà àwọn náà. Báńkì wí bákan náà, àmọ́ gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi wí i. Nígbà tí aláta sì kọ̀ láti ta ata fún àwọn òṣìṣẹ́ Ilé Akini, tó ní kí wọ́n lọ kúnlẹ̀ kí òkú wá bá wọn se ọbẹ̀, Fọ́yẹkẹ́ mọ̀ pé omi ti tún dé ọ̀dẹ̀dẹ̀.

Láníyọnu jókòó wàyí, ó to ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀. Ọ̀nà méjì ni Àjọ là sílẹ̀. Èkínní, kí gbogbo akini kọ́ láti sọ pé dìde, kó sì dákẹ́ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ẹni tó ṣáájú àwọn akúnlẹ̀ bá fojú ara rẹ̀ rí i, tó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn, wọ́n á ká ẹní wọn, ọjà á tún ṣí. Èkejì, kí ẹni tó jogún ohùn ìpìlẹ̀, ìyẹn ti Ìyá Àríkẹ́, dágbére fún un níwájú ojú búlúù, bí a ṣe ń dágbére fún òkú. Bó bá ti lè sọ pé ó dìgbóṣe, ohùn náà á lọ, gbogbo ohùn tó ń tọ ẹsẹ̀ rẹ̀ á sì bá a lọ.

Ó wá rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́, mà, ẹ gba ti àkọ́kọ́. Èmi náà ní ọ̀kan nílé. Màmá mi ló ń jí mi."

Ẹnjiníà Ọláòṣebìkan, àgbà nínú àwọn òṣìṣẹ́, ti ṣe ti àkọ́kọ́ tán. Ó ti tú ohùn Ìyá Àríkẹ́ palẹ̀, ó mú *dì* níbì kan, ó mú *de* níbòmíràn, ó lẹ̀ wọ́n pọ̀, kò sì ní ojú rírán. Ó ní bí èèyàn bá gbọ́ ọ, á búra pé ìyá ló sọ ọ́. Àwọn òṣìṣẹ́ ti kún ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń yọjú wò. Ọmọ wà lẹ́yìn àwọn mìíràn nínú wọn. Fọ́yẹkẹ́ mọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ náà ní orúkọ, òun ló sọ àwọn kan lórúkọ.

Wọ́n lọ pe Fadérera. Ó wọlé, erùpẹ̀ wà lórúnkún rẹ̀ méjèèjì, ó rọra kúnlẹ̀ kí Fọ́yẹkẹ́ bí ọmọ ṣe ń kí ìyá, Fọ́yẹkẹ́ sì yára sọ pé kó dìde. Ọ̀rọ̀ náà dún gbàù nínú yàrá. Fadérera wò ó.

"Ó mà rọrùn láti sọ, mà," ló wí.



Òfin sọ pé ẹni tó ni ẹ̀rọ ni kó fi ara rẹ̀ dán an wò. Fọ́yẹkẹ́ ká ìró rẹ̀, ó di àga mú, ó kúnlẹ̀ síwájú akini tó dàgbà jù nílé náà. Eegun orúnkún rẹ̀ dún. Ojú ìjọba sọ̀ kalẹ̀, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ yí padà, gbogbo yàrá sì di búlúù bí ìsàlẹ̀ omi. Ẹnjiníà fọwọ́ kan ẹ̀rọ.

*Àwẹ̀ró.*

Kò sí ẹlòmíràn láyé tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́.

*Àwẹ̀ró, ọmọ afi-sùúrù-hun-ẹní,*
*Ọmọ ẹni tó la odò já tí ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀ kò tutù.*
*Mo pọ̀n ọ́ lójò, mo ní kí òjò sinmi, òjò sinmi.*
*Mo pọ̀n ọ́ lóòrùn, mo ní kí oòrùn wò ọ́ jẹ́ẹ́, oòrùn wò ọ́ jẹ́ẹ́.*
*Àwẹ̀ró, onírìn-pẹ̀lẹ́ tí í bá ẹlẹ́ṣin dé ọjà,*
*Àkúnlẹ̀-sìn-yá bí ẹni tó ń sin ọba,*
*Ọmọ abẹ́ igi òrombó, níbi tí ẹyẹ*

Ibẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni omi ti ń gbá ìlẹ̀kùn ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ibẹ̀ ni Fọ́yẹkẹ́ ti gbójú sókè pé kí ni ẹyẹ ṣe, ìyá mi. Láti ìgbà náà, ẹ̀rọ máa ń fò ó ni, á tún bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Lónìí kò fò ó. Ohùn náà mí díẹ̀, ó sì wí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ pé:

*Dìde, ọmọ mi.*

Ó sì dákẹ́.

Láníyọnu na ọwọ́ sí fìlà rẹ̀. Ẹnìkan ń dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Fadérera dúró pẹ́, ó ń wo akini bí ẹni tó ń wo ẹnu kànga tí ọmọ já sí, kó tó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ó dára. Ó ní ká ní ó ti ń sọ bẹ́ẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ ọyẹ́ yẹn ni, bàbá òun ì bá ti dìde jẹ ẹ̀kọ rẹ̀. Ó ní ó tẹ́ òun lọ́rùn.

Ọ̀rọ̀ bùṣe. Ìjọba ti rí tirẹ̀ gbà, àwọn akúnlẹ̀ ti rí tiwọn gbà, ilé iṣẹ́ sì yè. Fọ́yẹkẹ́ nìkan ló kù nílẹ̀.

Kò dìde. Wọ́n rò pé orúnkún ló ń dùn ún, Ẹnjiníà sáré wá láti gbé e, Fọ́yẹkẹ́ sì fọwọ́ sún un sẹ́yìn. Kì í ṣe orúnkún. Ìyá rẹ̀ kò pè é ní ọmọ mi rí láyé rẹ̀. Bí inú bá dùn, Àwẹ̀ró ni. Bí inú bá ń bí i, Fọ́yẹkẹ́ ni. Ọjọ́ tí ọmọ bá ṣàìsàn, ìyá mi ni, nítorí Ìyá Àríkẹ́ gbà pé ìyá tòun ló padà wá. Ẹnu tó sọ ọmọ mi yìí, ẹnu ta ni? Ó ti fi ọdún gbọọrọ la ẹnu ìyá rẹ̀ sílẹ̀ kó má baà kú, ní báyìí wọ́n ti fi ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn dí i. Bó bá dìde sí ọ̀rọ̀ yìí, láti ọ̀la lọ, gbogbo ìlú ni yóò máa dìde sí i láràárọ̀, tí wọ́n á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá wọn fún ohun tí ìyá wọn kò sọ. Ohùn tí kò dákẹ́ pa ènìyàn kan. Èyí tí a bá ń fi ọ̀rọ̀ sí lẹ́nu, kí ni kò ní lè sọ lọ́la, bí ìjọba bá fẹ́, tàbí bí ọjà bá fẹ́?

Ó gbàdúrà, kò gbé ohùn sókè. Ó ní: Olúwa, Ìwọ tó ń pe òkú níbojì tí òkú ń jẹ́, èmi kì í ṣe Ìwọ.

Ẹnjiníà ti gbọ́ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ kó tó sọ ọ́. Wọ́n ti jọ ṣiṣẹ́ pẹ́. Òun náà kúnlẹ̀, ó fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ hàn án. "Mọ̀ọ́mì, ẹ wo ẹ̀yìn yín. Ẹ wo àwọn ọmọ yìí. Òkú ò mọ̀ bóyá a fi ọ̀rọ̀ kan kún tirẹ̀. Ebi ni alààyè mọ̀."

Òótọ́ ló sọ, ìyẹn ló sì gún Fọ́yẹkẹ́ jù. Ó wo ẹ̀yìn. Ó wo ojú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò yẹ ojú. Bó bá rí ọ̀nà kẹta, ì bá tọ̀ ọ́, ìbáà ṣe ẹ̀gún ló kún ibẹ̀.

Fadérera pàápàá ti sún mọ́ ọn, ohùn rẹ̀ sì ti yàtọ̀. Ó ní òun kò ní kó pa ohùn náà. Ó ní dìde nìkan ni òun bèèrè. "Ohùn ìyá bàbá mi wà níbẹ̀, mà. Òun nìkan ló kù tó ń dárúkọ bàbá mi."

"Mo mọ̀," ni Fọ́yẹkẹ́ wí. "Foríjì mí, ọmọ mi."

Ó gbọ́ ara rẹ̀ bó ṣe pe ọmọ ọlọ́mọ ní ọmọ mi, ó sì bú sẹ́kún. Inú ẹkún náà ló ti gbójú sókè sí ìmọ́lẹ̀ búlúù.

"Àríkẹ́, ìyá mi, mi ò kí yín tán lọ́jọ́ yẹn. Mo ti pẹ́ jù. Ohun tí wọ́n bá ń jẹ lọ́hùn-ún ni kẹ́ ẹ bá wọn jẹ. Ó di ojú àlá. Ó dìgbóṣe."

Kò sí àrá, iná kò ṣẹ́. Ìmọ́lẹ̀ kékeré tó wà lójú akini kàn kú ni, bí ẹni tó di ojú. Ojú ìjọba padà di funfun, ó gba fèrèsé jáde láti lọ ròyìn.

Àwọn òṣìṣẹ́ kò pariwo. Wọ́n ń kó ẹrù wọn. Obìnrin kan tó pọn ọmọ kọjá lára Fọ́yẹkẹ́ láìkí i, èkejì kí i, èyí tó kí i ló dùn ún jù. Fadérera jáde, kò sọ fún àwọn èèyàn rẹ̀ pé wọ́n ti ṣẹ́gun. Wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n ká ẹní wọn. Láníyọnu dì mọ́ fìlà rẹ̀ bí ẹni tí kò mọ ibi tí wọ́n ń dé e sí. Àga rẹ̀ kò ní bọ́ mọ́. Ó ti ń ronú bí òwúrọ̀ ọ̀la yóò ṣe rí nílé òun.

Fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún lórí tábìlì àwọn tó ń dá oníbàárà lóhùn. Kò sẹ́ni tó kù níbẹ̀. Ó dún, ó dákẹ́, ó tún dún. Fọ́yẹkẹ́ rìn lọ, ó gbé e.

Ìyá arúgbó kan ni. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀, ó sì kọ́kọ́ tọrọ àforíjì pé òun ń yọ wọ́n lẹ́nu. Ó ní òun jókòó ti ẹ̀rọ òun ni, ìyá òun ń kì òun lọ́wọ́, ó sì dákẹ́ láàárín ọ̀rọ̀. Ó ní òun ti gbọ̀n ọ́n, òun ti nù ún. Ó bèèrè bóyá wọ́n lè rán ọ̀dọ́mọkùnrin kan wá tún un ṣe, kó tó di àárọ̀.

"Kò ṣeé tún ṣe mọ́, mà," ni Fọ́yẹkẹ́ wí. Ó jókòó. "Ìyá yín ti kú. Ẹ kú ará fẹ́ra kù."

Láníyọnu, tó ti dé ẹnu ọ̀nà, dúró. Fọ́yẹkẹ́ ń gbọ́ èémí obìnrin náà, ó ń gbọ́ adìẹ tó ń ké lágbàlá rẹ̀.

"Ìgbà wo ni?" ni ìyá náà bèèrè.

"Lónìí ni, mà," ni Fọ́yẹkẹ́ dá a lóhùn. "Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ lọ ni."